Ọwọ́ Tó Wẹ Egbò Màmá Torbjørg

Ọjọ́ kẹrin rèé tí Riikka, nọ́ọ̀sì ará Finland, ti dé sí Norway.

Ó ní òun jẹ́ ọ̀rẹ́ Eivind, ọmọkùnrin Màmá Torbjørg, èyí tó kú sí Finland lọ́dún tó kọjá.

Láràárọ̀ ló ń wá wẹ egbò ẹsẹ̀ màmá.

"Ọwọ́ rẹ mà tutù o! Ṣé báyìí lẹ ṣe ń fi òtútù pa àwọn aláìsàn yín ni?"

Màmá ń rẹ́rìn-ín. Riikka ò lè rẹ́rìn-ín.

"Ó yá, jẹ búrẹ́dì."

Riikka gbé búrẹ́dì ọ̀hún sílẹ̀.

Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó bú sẹ́kún.

"Màmá, mo purọ́. Èmi kì í ṣe ọ̀rẹ́ Eivind. Abẹ́rẹ́ ẹlòmíì ni mo ṣèèṣì gún un, òun ló sì pa á."

"Mo mọ̀. Orúkọ rẹ wà nínú lẹ́tà tí ilé ìwòsàn kọ sí mi."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ṣílẹ̀kùn fún mi?"

"Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń kú lọ. Sọ fún mi. Ṣé ọmọ mi pè mí?"

Riikka gbójú sókè.

"Ó pè yín, Màmá. Èmi ló ń wò lójú, ó ṣe bí ẹ̀yin ni."