Ẹni Tí Yóò Dúró Ti Agolo

Sájẹ́ǹtì ò ríran mọ́, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sì mọ̀. Kì í ṣe pé ó fọ́jú pátápátá. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji èèyàn, ó sì mọ ilé rẹ̀ débi pé àwọn ọmọ ò fura. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ti jìnnà ju ìbú yàrá kan lọ, ìkùukùu lásán ni. Dókítà ti ní kò sóhun tí òun lè ṣe sí i mọ́.

Síbẹ̀, tó bá ti di àárọ̀ Sátidé, á gbé ìbọn rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Kọ́púrà ní pápá ìyìnbọn.

Àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ ológun ni, wọ́n sì jọ fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni wọ́n ti ń jiyàn ta ló mọ ìbọn yìn jù, wọn ò sì tíì rí ẹni tó máa bá wọn parí ẹjọ́ náà. Ní pápá, ẹnì kan á dùbúlẹ̀ yìnbọn, ẹnì kejì á wà nínú kòtò lábẹ́ pátákó, á máa wo ihò tí ọta dá sára bébà, á sì pariwo ibi tó bà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á pààrọ̀.

"Àárín," ni Kọ́púrà máa ń pariwo látinú kòtò tí Sájẹ́ǹtì bá ti yìn ín.

Ó ń ya Sájẹ́ǹtì lẹ́nu. Nǹkan funfun fírífírí kan ló ń yìnbọn sí, ó sì ń bà á. Kọ́púrà kì í sì í ṣe ẹni tó ń fi máàkì tọrẹ. Nígbà kan rí, ihò kan fẹnu kan ilà àárín báyìí, Kọ́púrà lóun ò gbà á ní àárín, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ títí òjò ọdún yẹn fi dá. Bírú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní àárín ni, àárín náà ni. Sájẹ́ǹtì gbà pé ojú òun ló gbàgbé, ọwọ́ òun ṣì rántí iṣẹ́.

Tó bá wá kan òun láti wọ kòtò, kì í rí ihò kankan. Òun náà á kàn pariwo "Àárín." Ta ni ò mọ̀ pé Kọ́púrà kì í tàsé? Bí wọ́n ṣe ń ta ọ̀mì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ sọ fún un," ìyàwó rẹ̀ máa ń wí. "Ẹ máa pa èèyàn lọ́jọ́ kan."

"Tí mo bá sọ fún un, wọ́n á gba ìbọn lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n wá máa ṣe ní Sátidé?"

"Ẹ jókòó tì mí."

"Mo ti jókòó tì ọ́ láti ọjọ́ Àìkú títí dé ọjọ́ Ẹtì."

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ti búra pé òun ò ní tú àṣírí náà, ìbúra yẹn sì ń sú u.

Nígbà tó yá, wọ́n ta pápá náà, wọ́n fẹ́ fi kọ́lé. Ní Sátidé tó kẹ́yìn, olùṣọ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, àwọn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, torí ìyàwó Sájẹ́ǹtì ní dandan lòun máa tẹ̀ lé wọn. Kọ́púrà bu tíì fún wọn láti inú fúláàsìkì. Ìka rẹ̀ wà nínú ife títí tíì fi kàn án.

"Kọ́púrà, ṣé ọwọ́ yẹn mọ́ ṣá?" ìyàwó Sájẹ́ǹtì bi í.

"Ìyá wa, ọwọ́ yẹn ló ń jẹ́ kó dùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mu tíì, wọ́n yìnbọn. Wọ́n tún ta ọ̀mì.

"Ọ̀gá, a ò lè fi ọ̀mì parí ẹ̀," Kọ́púrà ní. "Ó ku agolo."

Nígbà tí wọ́n wà ní bárékè, ẹnì kan á gbé agolo lé orí òpó, á dúró tì í débi pé etí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ẹnì kejì á sì yìn ín. Àwọn ọ̀gá ológun ti tì wọ́n mọ́lé rí nítorí eré yẹn.

"Ẹ̀yin ẹ yìn ín, èmi á dúró," Kọ́púrà ní. "Bẹ́ ẹ bá bà á, ẹ̀yin lẹ borí. Tẹ́ ẹ bá tàsé, èmi ni."

Ìyàwó Sájẹ́ǹtì yíjú padà kíá. Ó wo ọkọ rẹ̀. Sájẹ́ǹtì kọjú sí ibi tí òpó ọgbà pápá wà, ìkùukùu ló rí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ti dé ètè rẹ̀, ìtìjú dá a padà. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un láyé nìyí, ẹ̀rù sì bà á gidi.

"Ìwọ lo máa yìn ín," ó ní. "Èmi ni mo máa dúró."

"Rárá o, ọ̀gá. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́."

"Mo ní ìwọ ni."

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí."

"Ọwọ́ tó ń ba àárín ní gbogbo Sátidé ló ń gbọ̀n?"

Kọ́púrà dé fúláàsìkì rẹ̀ pa.

"Ẹ̀yin àgbààgbà," ìyàwó Sájẹ́ǹtì ní, "bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Sájẹ́ǹtì na ẹ̀yìn rẹ̀ ró ṣánṣán.

"Kọ́púrà, àṣẹ ni."

Kọ́púrà ò kọ àṣẹ rí láyé rẹ̀. Ó fọwọ́ wá ìbọn rẹ̀ lórí tábìlì, ó dùbúlẹ̀.

Ìyàwó Sájẹ́ǹtì mú ọkọ rẹ̀ lọ sídìí òpó, ó gbé agolo mílíìkì kan lé e. "Ẹ ṣeun," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ̀rù ti bà mí pé ẹ máa gbà láti yìn ín."

"Ó sàn kí ìbọn wà lọ́wọ́ ẹni tó ríran," Sájẹ́ǹtì ní. "Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Ọkàn obìnrin náà balẹ̀ díẹ̀. Ó rìn jìnnà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mo ti dúró o," Sájẹ́ǹtì pariwo. Lẹ́yìn náà, ó panu mọ́, kò mira, kó má baà dí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Nídìí ìbọn, Kọ́púrà, tí òun náà ò tíì rí ihò kan ṣoṣo lára bébà yẹn láti ọjọ́ tó ti ń pariwo àárín, ti fìka kan ibi tí wọ́n ń fà, ó sì tẹ́tí sílẹ̀, ó ń retí kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún fọhùn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun lè mọ ibi tí kò yẹ kí òun yìn ín sí.