Ohùn Tó Ń Ṣí Ojú Ewé

Bí mo bá ti jí, màá fi ìka fa ojú ewé ìròyìn lórí fóònù mi, àmọ́ kò ní mira. Àfi kí n kí èèyàn, kí fóònù sì gbọ́ ohùn tó dá mi lóhùn, kó tó jẹ́ kí ìka mi yí i sókè. Òfin ni. Wọ́n ní kò yẹ kó jẹ́ fóònù lèèyàn máa kọ́kọ́ bá jí.

Ta ni kí n wá kí nínú ilé tí èmi nìkan ń gbé? Òfin játijàti!

Ni mo bá wá fóònù àtijọ́ tí ọkọ mi lò kó tó kú jáde. Ohùn rẹ̀ tó gbà sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Láràárọ̀, màá kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Fadérera." Màá sì tẹ fóònù náà kó dáhùn.

"Àwẹ̀ró, o jíire bí?"

Ojú ewé á ṣí wẹ́rẹ́.

Láàárọ̀ yìí, Fadérera ọmọ wa pè mí láti òkè òkun.

"Màmá, mo ń rí i lórí fóònù tèmi pé ojú ewé yín ń ṣí láràárọ̀. Ọkàn mi ti balẹ̀ pé ẹ ti rẹ́ni bá gbé. Torí pé ẹ dá wà ni mo ṣe fẹ́ wálé lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn."

"Kò burú, ọmọ mi."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo kúnlẹ̀. "Bàbá Fadérera, ọmọ wa ò wá mọ́ o."

Mo tẹ fóònù àtijọ́.

"Àwẹ̀ró, o jíire bí?"