Ìkòkò Mojíròlá

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ omi di yìnyín, Ìyá Mojíròlá ní kí ẹ̀rọ agbẹ́rù kó ère àti ìkòkò òdòdó orí òrùlé lọ sí yàrá ẹrù. Bó ṣe na ọwọ́ sí ìkòkò dúdú kan, màmá figbe ta: “Fi ìyẹn sílẹ̀!”

“Òdòdó inú ẹ̀ ti kú, mà.”

“Ibi ọmọ mi ni mo rì síbẹ̀!”

Ilẹ̀ àdúgbò ti di kọnkéré tán nígbà tó bí Mojíròlá. Ibo ni ì bá rì í sí? Fúnra rẹ̀ ló gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó fi kúbùsù bò ó.

Kò pẹ́, Mojíròlá pè láti orí òṣùpá, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

“Màámi, ọyẹ́ ti dé. Ṣé ẹ ti gbé mi wọlé?”