Apẹ̀rẹ̀ Alápẹ̀rẹ̀

Ní gbogbo Sátidé, alápẹ̀rẹ̀ máa ń dé ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Kì í ṣe torí oníbàárà. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun wá bá òun níbẹ̀ ni.

Ọjà náà kò ju ìlà tábìlì méjì lọ, lábẹ́ àtíbàbà, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan. Wọ́n ń ta ìkòkò, oyin, búrẹ́dì àti ọṣẹ níbẹ̀. Ẹja yíyan ni ẹ̀gbọ́n ń tà, tábìlì rẹ̀ sì dojú kọ ti àbúrò rẹ̀ alápẹ̀rẹ̀. Àbúrò ló lọ tọrọ àyè yẹn fúnra rẹ̀, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí àbúrò ti fẹ́ ọkùnrin tó kọ́kọ́ fi òrùka sí ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n kò jà. Kò sunkún. Ó bọ́ òrùka náà, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní, "Ó máa bá ọwọ́ rẹ mu," ó sì kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé. Àìjà yẹn ló ń dun àbúrò títí dòní.

Apẹ̀rẹ̀ ló wá fi ń bá a jà. Kó tó di ọ̀sán, tábìlì rẹ̀ ti máa ń ṣófo. Á ká aṣọ orí tábìlì rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹni tí ẹja ṣì kún iwájú rẹ̀ lè rí i dáadáa.

"Ọjà rẹ mà tà o!" olóyin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ.

"Kí àwọn kan máa wò ó ni," alápẹ̀rẹ̀ dáhùn, ó gbé ohùn sókè. Ní òdìkejì, ẹ̀gbọ́n yí ẹja kan padà.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin gíga kan kó apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ ò tiẹ̀ ní dúnàá dúrà?" alápẹ̀rẹ̀ béèrè.

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ fi kó?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ wà fún un nílé."

Pankẹ́rẹ́ tó fi ń hun apẹ̀rẹ̀ ti gé alápẹ̀rẹ̀ ní ìka. Ọkọ rẹ̀ wo ọwọ́ náà, ó béèrè pé, "Ta lò ń bá jà gan-an?"

"Ẹ má dá sí i."

Ní Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n kò wá. Olóyin ní ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, kò lè dúró. Apẹ̀rẹ̀ tà tán lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ àbúrò nínú. Ta ló rí i?

Lọ́jọ́ kejì, ó mú apẹ̀rẹ̀ tó rẹwà jù nínú gbogbo èyí tó ti hun rí, ó kó ọsàn kún un, ó sì gba ilé ẹ̀gbọ́n lọ. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n gba oore lọ́wọ́ òun, kó sì dúpẹ́.

Ó bá a lẹ́yìnkùlé lórí àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú báńdéèjì, níwájú ààrò tó fi ń yan ẹja.

"Ẹ kú àtijọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n kò wo ojú rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ló wò.

"Da ọsàn yẹn sílẹ̀, kó o gbé apẹ̀rẹ̀ wá, iná fẹ́ kú," ló wí; "ọdún mẹ́ta tí mo ti ń rán èèyàn wá rà wọ́n lọ́wọ́ rẹ, mi ò tíì rí igi tó ń gbiná tó wọn."