Ẹ̀jẹ̀ Tèmi Náà Pọ́n

Ọdún kẹsàn-án rèé tí àwọn olùwádìí ìṣègùn ti ń tọpasẹ̀ ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bátìrì kan. Wọn kì í fún wọn lóògùn; wọ́n kàn ń ṣọ́ wọn ni, kí wọ́n lè mọ ẹni tí àìsàn máa mú àti ẹni tí kò ní mú. Lọ́dọọdún, nọ́ọ̀sì á wá fa ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn, á kó o pamọ́ sínú yìnyín.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọkọ̀ ọsibítù wá gbé Òpéléńgé nìkan láàárín wọn. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n tún ti wá gbé e lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyàwó Télọ̀, tí òun àti Òpéléńgé jọ ń jókòó sídìí tábìlì kan náà níbi iṣẹ́, kò lè mú un mọ́ra. Owú ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́, ọmọ méjì-méjì ni wọ́n bí. Kí ni Òpéléńgé wá fi jù ú lọ? Tó bá jẹ́ ti ìrísí ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni Télọ̀ ọkọ rẹ̀ ti bá a dín aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kù lọ́dún náà. Òun gan-an ló yẹ kí wọ́n máa pè ní Òpéléńgé báyìí.

“Kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹ lọ́hùn-ún?” ó bi í.

“Wọ́n fún mi ní tíì àti bísíkíìtì. Wọ́n ní irú mi làwọn ń wá.”

“Irú ẹ bíi ti báwo?”

“Èmi ò mọ̀ o. Wọ́n ṣáà ní mo bá a mu gẹ́lẹ́.”

Ìyàwó Télọ̀ pòṣé. Oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ò wọlé, ó sì mọ̀ pé Òpéléńgé ló fà á. Ó dìde, ó gba ọsibítù lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sinmi lórí àtẹ̀gùn, ìbínú ò jẹ́ kó lè mí délẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, ẹ má bínú o,” ó ní. “Ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ ti ń gún mi lábẹ́rẹ́, mi ò sá rí. Àbí ẹ̀jẹ̀ tèmi ò pọ́n ni?”

Nọ́ọ̀sì dìde kúrò lórí àga, ó fà á fún un. “Ẹ jókòó, màmá. Lọ́la gan-an la fẹ́ wá gbé yín.”

Inú rẹ̀ dùn bíi tẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. “Mo ti mọ̀! Ẹ ò lè mú Òpéléńgé kí ẹ fi mí sílẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn. “Tí àìsàn bá mú ẹnì kan nínú yín, màmá, a máa ń wá ẹnì kan tí ara rẹ̀ le, tí wọ́n jọ dọ́gba lọ́jọ́ orí àti lẹ́nu iṣẹ́, ká lè fi ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì wéra.”

Gbogbo owú náà lọ lójú Ìyàwó Télọ̀. Àánú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kù. “Háà! Ṣé Òpéléńgé ń ṣàìsàn ni?”

“Rárá o, màmá,” ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, “ara tiwọn le koko.”