Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Tó Parọ́ fún Àlàó

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin o. Ẹ má ka ìlà méjì kí ẹ wá máa kọ "Àmín" ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe àdúrà. Ọ̀rọ̀ omi ni, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sì ni.

1.
Àlàó àti Ràbíátù ìyàwó ẹ̀ ń gbé ní Ayọ̀bọ̀, nínú lọ́hùn-ún, níbi tó jẹ́ pé tí òjò bá ti rọ̀, kẹ̀kẹ́ Màrúwá ò ní yà síbẹ̀ mọ́. Jíìpù Àlàó nìkan ló ń la ẹrẹ̀ ibẹ̀ kọjá. Jíìpù àtijọ́ ni, dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń fa ara ẹ̀ jáde. Fàthíà, ìyàwó Mùíz ọmọ wọn, wà lọ́dọ̀ wọn, oyún oṣù mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀. Mùíz wà níbi iṣẹ́ ní Àbújá.

Àlàó ti sọ fún un pé, "Má fòyà, ọmọ mi. Ọjọ́ tó bá yá, jíìpù á gbé ẹ dé ọsibítù ní Ìgàndó, bí ẹrẹ̀ tiẹ̀ dé orúnkún."

Ṣùgbọ́n jíìpù ń jẹ omi. Omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ gbẹ.

2.
Wàsíù mẹkáníìkì tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀ di àárọ̀. Páálí ò tutù. Ó wo ọ́ìlì, omi ò dà pọ̀ mọ́ ọn. Ó wo èéfín, kò funfun. Ló bá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ike omi.

"Bàbá, ẹ má da omi kankan sí i. Ẹ máa wo ìlà yìí láràárọ̀, kí ẹ́ńjìnì tó gbóná. Bí omi bá ṣe ń wálẹ̀ sí ni màá fi mọ ibi tí màá ti wá a."

"Tó bá wá jẹ́ inú ẹ́ńjìnì ńkọ́?"

"A ó tú u ni, Bàbá."

Àlàó di àyà mú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà tẹ́lẹ̀. Oorun ò kùn ún lọ́jọ́ náà, Ràbíátù sì ń gbọ́ bó ṣe ń yí síhìn-ín, tó ń yí sọ́hùn-ún.

3.
Ilẹ̀ mọ́. Ràbíátù ṣe àlùwàlá tán, omi díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú kẹ́tù. Ó lọ ṣí iwájú jíìpù wò. Omi ti fi ìbú ìka kan kúrò lójú ìlà.

"Ìka kan péré! Ṣé torí ìka kan ni olówó orí mi ò ṣe ní sùn?"

Ó da omi kẹ́tù sí i títí tó fi kan ìlà. Ẹ má bú u o. Èmi náà ì bá dà á.

Nígbà tí Àlàó jáde wá wò ó, ó pariwo: "Ìyá Mùíz! Omi ò kúrò lójú ìlà!" Ó jó yí jíìpù ká. Lọ́jọ́ yẹn, ó sùn bí ọmọ ọwọ́.

Bó ṣe di ti ojoojúmọ́ nìyẹn. Ìka kan di méjì. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó di kẹ́tù kan gbáko. Ràbíátù rí i pé ó ń pọ̀ sí i, ó dákẹ́.

Wàsíù pè. "Bàbá, ìlà ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀ gbọin, bí ilà ojú bàbá mi! Ẹ̀yin mẹkáníìkì, títú lẹ mọ̀. Mọ́tò mi ti yá jàre."

"Ẹ ṣáà gbé e wá kí n fi pọ́ǹpù fẹ́ atẹ́gùn sí i, ká rí ibi tó ti ń jò."

"Kò sáyè."

4.
Ẹ̀gbọ́n Ràbíátù kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ràbíátù ní láti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ omi náà. Ó rí bí ọkọ ẹ̀ ṣe ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má gbàgbé oògùn yín o," ló sọ. Ọ̀rọ̀ tó kù, ó gbé e mì.

Àlàó náà ò wo ìlà mọ́. Kí ló fẹ́ wò lára ohun tí kì í yí padà?

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn òjò ńlá, Fàthíà di férémù ilẹ̀kùn mú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti yá."

Jíìpù wọ ẹrẹ̀. Ọwọ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnì hàn níwájú Àlàó gòkè dé ojú pupa.

"Irọ́ ló ń pa," Àlàó ní. "Omi kún inú ẹ̀!"

Ẹ gbọ́ o: irin ń sọ òótọ́, èèyàn ń pè é ní òpùrọ́. Kí wọ́n tó dé títì ọlọ́dà, èéfín bò wọ́n, ẹ́ńjìnì ké gbàù, ó dákẹ́. Fàthíà ń sunkún, Àlàó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń pe Ọlọ́run.

Happiness, télọ̀ tó wà létí ọ̀nà, ló sáré jáde. "Ẹ dìde, Bàbá! Ẹ di tábìlì mi mú!" Lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ ni òun àti àwọn ará àdúgbò gbé aboyún lé, tí wọ́n fi gbé e dé ilé nọ́ọ̀sì kan. Wọn ò tíì sọ ọ́ kalẹ̀ dáadáa tí ọmọ tuntun, ọmọbìnrin, fi ké. Ìyá yè, ọmọ yè. Ẹ bá wa dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ti kú pátápátá.

5.
Lọ́jọ́ kejì tí Ràbíátù dé, Wàsíù fi rọ́bà kékeré kan tí omi ń gbà kọjá lẹ́yìn ẹ́ńjìnì hàn wọ́n, ó ti sán. "Tí ẹ́ńjìnì bá gbóná nìkan ló ń yọ omi, omi á sì gbẹ sórí irin kó tó kanlẹ̀. Ẹ wo ojú ibi tó gbẹ sí, ó funfun. Rọ́bà yìí nìkan ni à bá pààrọ̀."

"Ṣebí omi ò kúrò lójú ìlà!"

"Bàbá, ta ló ń da omi sí i?"

Ràbíátù kúnlẹ̀. "Èmi ni. Mo ń dà á kí ẹ lè sùn."

Ohùn Àlàó rọ̀. "Ràbí, ṣé bí mo ṣe le tó nìyẹn, tí o ò fi lè sọ fún mi?"

"Ẹ kì í le. Ẹ kàn ń di àyà mú ni."

Ó fà á dìde. "Ká jọ máa di àyà mú, ó sàn ju èyí lọ."

Adìẹ ló ń yé ẹyin sínú jíìpù náà báyìí. Láràárọ̀, Àlàó ló ń gbé kẹ́tù, ó ń da omi àlùwàlá sọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀. "Ràbí, kí ló dín kù lónìí?" Obìnrin náà á sọ gbogbo ẹ̀: ìrẹsì, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mò ń kìlọ̀ o. Mọ́tò tó bá ń jẹ omi, ẹ má bu omi sí i ní bòńkẹ́lẹ́, ẹ má sì ṣí ìdérí omi ẹ̀ nígbà tó bá gbóná. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹ̀yin tí wọ́n bá ní kí ẹ gbé e wá fún àyẹ̀wò, ẹ gbé e lọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn èèyàn, ẹ má fi irọ́ tù ú nínú. Ọ̀rọ̀ omi la ò sọ, tábìlì télọ̀ la wá fi gbé aboyún.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.