Ibi Tí Tinúọlá Ń Yọ́ Lọ

Kátíkíìsì rọra ń tẹ̀lé Tinúọlá lọ ní ọ̀nà Afo. Ìgbà kẹta nìyí tí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ náà yọ́ kúrò ní kíláàsì ọmọ-ẹ̀yìn tòun ti apẹ̀rẹ̀ tó fi aṣọ bò. Ó dá Kátíkíìsì lójú pé ìdí òrìṣà ló ń padà sí.

Àfi bí Tinúọlá ṣe yà sí ilé ìyá Kátíkíìsì, níbi tí Kátíkíìsì fúnra rẹ̀ kò dé mọ́ láti ọdún mẹ́fà tí ìyá ti kọ ìrìbọmi.

Kátíkíìsì ṣílẹ̀kùn wọlé. Tinúọlá ti gbé oúnjẹ jáde nínú apẹ̀rẹ̀ náà, ó sì ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹsẹ̀ ìyá, tí ojú rẹ̀ ti fọ́.

“Ta nìyẹn?” ni ìyá bi í.

“Ọmọ yín tó ń rán mi wá ni, ìyá. Wọ́n ti fúnra wọn dé lónìí.”